Orúkọ Tí Mo Kà Fún Daddy Kò Sí Nínú Ìwé Náà

Èmi ni mo jẹ̀bi. Mo fẹ́ fi ìyẹn ṣáájú kí ẹ má baà rò pé ẹnì kan ló tì mí. Wọ́n gbé ìwé lé mi lọ́wọ́ pé kí n kà á. Mi ò lè kà á, mo sì ṣe bí ẹni ń kà á. Ohun tí mi ò rí ni mo sọ pé mo rí. Ó ti tó ọdún márùn-ún báyìí, mi ò tíì sọ fún ẹnì kankan.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ nísinsìnyí ni pé Daddy ń lọ sí Ìbàdàn lẹ́yìn Àjíǹde. Wọ́n ti ń gbẹ́ òkúta tí wọ́n máa gbé sórí ibojì bàbá bàbá bàbá wọn. Orúkọ tí wọ́n ń gbẹ́ sára òkúta náà, ẹnu mi ló ti jáde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dé òpin kí ẹ tó bú mi.

Daddy kì í ṣe bàbá tó bí mi. Àgbà ni wọ́n nínú ìjọ wa. Wọ́n wa bọ́ọ̀sì títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, Glyndon Estate ní Woolwich, nílùú òyìnbó níbí, ni wọ́n ń gbé. Èmi ń gbé ní Thamesmead, ọkọ̀ fáànù ni mò ń wà, mò ń pín ẹrù kiri. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà tí wọ́n mú mi wá láti Èkó, mo sì fi ilé ìwé sílẹ̀ ní mẹ́rìndínlógún. Ṣùgbọ́n lójú àwọn àgbà wa, ẹni tó bá ti lọ sílé ìwé níbí, kò sí òyìnbó tí kò lè kà. Lẹ́tà káńsù o, lẹ́tà dókítà o, èmi ni wọ́n ń pè.

Ìgbà tí wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀ ojú irin tuntun ní Woolwich ni ojú Daddy bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Wọ́n bá ránṣẹ́ pè mí kí n wá máa kàwé fún wọn. Àlùfáà òyìnbó kan wà nígbà ayé Ọbabìnrin Fikitóríà. Àwọn sójà inú bárékè Woolwich níbí ló kọ́kọ́ ń wàásù fún, kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ilẹ̀ Ìbàdàn. Ó pẹ́ níbẹ̀ gan-an. Ìyàwó rẹ̀ kú síbẹ̀. Nígbà tí àìsàn lé òun náà wálé, Woolwich ló padà sí, ó ń kọ̀wé títí ó fi kú. Òun ló ṣe ìrìbọmi fún bàbá bàbá bàbá Daddy. Daddy wá ìwé ọkùnrin yìí kiri fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n rí ìwé ìwàásù rẹ̀ rà, wọ́n sì rí ẹ̀dà ìwé tó ń kọ lójoojúmọ́ gbà níbi tí wọ́n ń kó ìwé àtijọ́ sí.

Ìwé ìwàásù kò le. Títẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ ẹ́. Gbogbo Sátidé ni mò ń kà á fún Daddy, wọ́n á máa mi orí. "Ọkùnrin yìí mọ̀wé o. Ó yá, máa lọ." Ṣùgbọ́n èkejì, ọwọ́ ni Àlùfáà fi kọ ọ́. Àwọn lẹ́tà rẹ̀ dagun sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n so mọ́ra bí òwú. Tí bébà bá tán lọ́wọ́ rẹ̀, á yí i síbùú, á tún kọ ìlà mìíràn gba orí ìlà ti tẹ́lẹ̀ kọjá. Mi ò rí nǹkan kan mú níbẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ pé, "Daddy, ẹ má bínú, mi ò mọ èyí kà." Gbólóhùn kan péré. Ojú tì mí. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni wọ́n ń pè mí. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n máa gbé e lọ sílé, kí n máa kà á díẹ̀díẹ̀. Tí mo bá padà wá, màá ní Àlùfáà sọ pé òjò pọ̀, Àlùfáà sọ pé ibà ń ṣe ìyàwó òun. Mo rò pé kò pa ẹnikẹ́ni lára.

Lẹ́yìn náà ni Auntie Rónkẹ́ bí ọmọkùnrin. Ọmọ Daddy ni wọ́n, nọ́ọ̀sì ni wọ́n. Nígbà tí ọmọ pé ọjọ́ méje, lọ́sàn-án, mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ adágún omi ní Thamesmead, mò ń jẹun nínú fáànù. Fóònù dún.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n! Ọ̀la la máa sọmọ lórúkọ. Orúkọ wo ni Àlùfáà fún bàbá wa nígbà ìrìbọmi?"

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Nínú ilé wọn, kò sẹ́ni tó mọ orúkọ bàbá yẹn. Àwọn ọmọ rẹ̀ kò jẹ́ pè é lórúkọ, àwọn ìyàwó ilé kò jẹ́ dán an wò. Bàbá Onígbàgbọ́ ni gbogbo wọn ń pè é, títí àwọn tó mọ̀ ọ́n fi kú tán. Ìdí gan-an nìyẹn tí Daddy fi ń wá ìwé náà. Ọjọ́ kẹjọ sì rèé, kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

"Ẹ dúró sà, mò ń wò ó," ni mo wí. Búrẹ́dì ló wà lọ́wọ́ mi. Ìyá òyìnbó kan ń kọjá lọ, ó ń pe ajá rẹ̀ tó sá lọ sétí omi. "Alfred! Alfred, padà wá!"

"Alfred ni, sà."

"Alfred," ni Daddy wí. Mo gbọ́ tí wọ́n ń sunkún.

Lọ́jọ́ kejì, Auntie Rónkẹ́ kọ́kọ́ kọ̀. "Daddy, ta ló ń jẹ́ Alfred láyé ìsinsìnyí? Ṣé ọmọ mi fẹ́ lọ gba owó ìfẹ̀yìntì ni?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Daddy ò rẹ́rìn-ín. "Bàbá rẹ ni. Ṣé o fẹ́ kọ bàbá rẹ ni?"

Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Wọ́n fi oyin kan ọmọ lẹ́nu, wọ́n pè é ní Alfred. Èmi náà bá wọn pè é.

Nígbà tí ọmọ náà pé ọdún mẹ́rin, ó wá bá mi lórí ìjókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì. "Brother, ṣé o mọ̀ pé orúkọ bàbá Grandpa ni mò ń jẹ́?" Mo ní mo mọ̀. Mi ò lè gbójú sókè mọ́ títí ìsìn fi parí.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo lọ sí láíbúrárì, mo bẹ ìyá àgbà òyìnbó kan tó mọ ìwé àtijọ́ kà pé kó kọ́ mi. Odindi ìgbà òtútù ló gbà wá. Ó ní kí n máa yí bébà náà títí ìlà kan á fi dọ́gba, kí n fi rúlà bo ìyókù, kí n máa mú lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Oṣù tó kọjá ni mo dé ojú ewé ìrìbọmi náà.

Àlùfáà kò fún un lórúkọ kankan. Ó fẹ́ fún un, bàbá náà ló kọ̀. Ó ní: "Ojú ọ̀nà ni ìyá mi bí mi sí nígbà tí ogun ń lé wọn. Ó pè mí bẹ́ẹ̀ kó tó kú. Mi ò ní nǹkan rẹ̀ mìíràn." Àlùfáà kọ ọ́ pé inú bí òun fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin, ó ṣe ìrìbọmi fún un pẹ̀lú orúkọ tó ń jẹ́. Àbíọ́nà.

Bàbá tó kọ orúkọ òyìnbó lójú Àlùfáà fúnra rẹ̀, èmi ni mo fi tipátipá fún un ní ọ̀kan.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Daddy ti lé lọ́gọ́rin ọdún, wọn ò ríran mọ́. Tí mo bá sọ fún wọn kí wọ́n tó wọ bàálù, ẹ̀rù ń bà mí kí ọ̀rọ̀ yìí má gbé wọn dè. Tí mi ò bá sọ, irọ́ mi ló máa wà lórí ibojì yẹn. Ọmọ wá ń kọ́? Alfred ló wà nínú páspọ́ọ̀tù rẹ̀, òun ló ń jẹ́. Ṣé Auntie Rónkẹ́ ni kí n kọ́kọ́ lọ bá? Tí wọ́n bá gbá mi létí, ó tọ́ sí mi. Ẹ sáà bá mi bẹ̀ wọ́n.

Sátidé tó kọjá, mo mú ojú ewé náà lọ sọ́dọ̀ Daddy. Wọ́n ní, "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ka díẹ̀ fún mi." Ìwàásù ni mo kà. Bébà náà wà nínú àpò mi títí mo fi délé. Mo ṣì jẹ Daddy ní gbèsè orúkọ bàbá wọn.