Ọjọ́ Méjì Péré Ni Mo Rẹ Ẹ̀gẹ́ Náà

Wọ́n ti dájọ́ ikú fún mi. Adájọ́ ní kí wọ́n yẹgi fún mi títí ẹ̀mí yóò fi bọ́ lára mi. Mi ò mọ ọjọ́ tí yóò jẹ́. Láràárọ̀, tí mo bá ti gbọ́ ìró kọ́kọ́rọ́, mo máa ń dìde dúró. Tí wọ́n bá kọjá, màá tún jókòó. Ẹ̀rù ò bà mí mọ́. Kì í ṣe pé mo láyà. Inú mi ló ti kú tipiri, bí ẹsẹ̀ tí èèyàn jókòó lé fún ìgbà pípẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Lálúpọn àti àwọn abúlé tó yí i ká, ẹ ti gbọ́ pé mo ti ìyá arúgbó kan sí kànga. Òótọ́ ni. Mi ò jiyàn rẹ̀ ní kóòtù. Ẹ tún gbọ́ pé torí pé ó pa ọmọ mi ni mo ṣe ṣe é. Ìyẹn kì í ṣe òótọ́. Ìyẹn ló jẹ́ kí n tọrọ ìwé àti bírò lọ́wọ́ àwọn wọ́dà. Ọdún mẹ́ta péré ni mo lò ní sẹ́kọ́ńdìrì, torí náà ẹ fojú fo ibi tí mo bá ti ṣì í kọ.

Àgbẹ̀ ni mí, mo sì tún ń gun ọ̀kadà. Èmi àti ìyàwó mi bí ọmọ kan ṣoṣo, Ràfíù. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni. Láti ọjọ́ tí a ti sọ ọ́ lórúkọ ni ìyàwó mi ò ti pe orúkọ mi mọ́. Bàbá Ràfíù ló ń pè mí. Èmi náà ń pè é ní Ìyá Ràfíù.

Nígbà ọyẹ́, ìyàwó mi gbé ọmọ lọ sí Akínyẹlé, ó lọ bá àbúrò rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ tọ́jú ilé. Ní ọjọ́ Sátidé, ó pè mí lórí fóònù.

"Bàbá Ràfíù, ẹ̀gẹ́ tí ẹ hú yẹn, ẹ rẹ ẹ́ sómi lọ́la Sọ́ńdè. Mo fẹ́ bá láfún nílé tí mo bá dé."

"Màá rẹ ẹ́."

"Ẹ̀gẹ́ kíkorò ni o. Ẹ jẹ́ kó pé ọjọ́ márùn-ún nínú omi."

"Ṣé ọmọdé ni mí ni? Ìdí ẹ̀gẹ́ ni wọ́n bí mi sí."

Nígbà tó di Sọ́ńdè, mo ti gbé dúrọ́ọ̀mù síta nígbà tí Múrí, ọ̀rẹ́ mi, dé. Ó ní bọ́ọ̀lù ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Mo ní kó jẹ́ kí n rẹ ẹ̀gẹ́ tán. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìyàwó ẹ wà l'Ákínyẹlé, ó tún ń darí ẹ! Ṣé rìmóòtù ló gbé lọ ni?" Ojú tì mí. Mo tẹ̀ lé e. Mọ́ńdè, mo gun ọ̀kadà. Túsídè, mo gun ọ̀kadà. Ọjọ́rú ni mo tó pọnmi sí dúrọ́ọ̀mù.

Ní àárọ̀ Jímọ̀, ó tún pè. Ó ní òun ń bọ̀ ní Sọ́ńdè, ó bi mí bóyá mo ti sá ẹ̀gẹ́. Mo ní ó ti wà lórí àpáta. Kò tíì sí níbì kankan. Bí mo ṣe gbé fóònù sílẹ̀ ni mo lọ kó o jáde. Ó ṣì le lọ́wọ́ mi. Mo fi àdá gé e wẹ́wẹ́ kó lè tètè gbẹ.

Ìyá Bàsírà ń yan gàrí nítòsí. Ìyàwó ilé wa ni, àbúrò bàbá mi àgbà ló fẹ́ ẹ, ọkọ náà sì ti kú tipẹ́. Torí pé ọmọ ilé ọkọ rẹ̀ ni mí, kò pe orúkọ mi rí. "Ọkọ mi" ló ń pè mí láti kékeré.

"Ọkọ mi, ìgbà wo lo rẹ ẹ̀gẹ́ yẹn?"

"Ó ti pẹ́, Ìyá."

"Ó pẹ́ níbo? Ọjọ́rú ni mo rí ẹ tí ò ń pọnmi. Òní Jímọ̀. Kò tíì rọ̀. Dá a padà sómi."

"Oòrùn ọyẹ́ á bá mi ṣe ìyókù."

"Ṣé oòrùn náà á bá ẹ rẹ ẹ́ ni? Ọ̀lẹ ọkọ!" Ó rẹ́rìn-ín, ó padà sídìí agbada rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ síbí: mo mọ̀. Kò sí ọmọ ìdí ẹ̀gẹ́ tí kò mọ̀ pé ewúrẹ́ tó bá mu omi ẹ̀gẹ́ kíkorò lè kú. Mo mọ̀, mo kàn ní kò ní ṣe nǹkan kan ni.

Mọ́ńdè, lẹ́yìn tí ìyàwó mi dé, ó gbé e lọ sí ẹ̀rọ, ó lọ̀ ọ́, ó kù ú. Ó gbé e símú.

"Bàbá Ràfíù, láfún yìí ò kan bó ṣe yẹ. Ṣé Sọ́ńdè yẹn náà lẹ rẹ ẹ́?"

"Sọ́ńdè náà ni."

Ọ̀rọ̀ kékeré. Kò gbà mí ní àkókò rárá.

Ó ń san gbèsè ààwẹ̀ Ràmàdánì lọ́jọ́ náà, kò sì fẹnu kan nǹkan. Èmi ti jẹ búrẹ́dì àti ẹ̀wà ní gáréèjì. Ràfíù nìkan ló jẹ àmàlà tó fi láfún náà rò. Ó ní kí ìyá òun bù sí i, ìyá rẹ̀ sì bù sí i.

Kí wọ́n tó kírun ìrọ̀lẹ́, ó ti ń bì. Ó ní orí ń fọ́ òun. Lẹ́yìn náà kò sọ nǹkan kan mọ́. Mo gbé e sórí ọ̀kadà, ó wà láàárín èmi àti ìyá rẹ̀, a kọrí sí Lálúpọn. Lójú ọ̀nà, ìyàwó mi ní, "Bàbá Ràfíù, ọrùn rẹ̀ ò dúró mọ́." Mo ń gùn ún lọ. Ó tún un sọ. Mo ń gùn ún lọ. Nígbà tí a dé ọsibítù, wọ́n ní ó ti lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí wọ́n tó kírun sí i lára, mo gbé láfún tó kù, mo lọ dà á sí ṣáláńgá. Bí mo ṣe ń bọ̀, Ìyá Bàsírà dúró sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ó wo abọ́ ọwọ́ mi. Ó wo ojú mi.

Àwọn obìnrin yí ìyàwó mi ká nínú yàrá. Ó ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà ṣáá: "Kí ni ọmọ mi jẹ? Àmàlà nìkan ló jẹ nílé. Kí ló tún jẹ?" Ó gbójú sókè, ó wò mí. Mi ò lè gba ojú yẹn.

Mo ní, "Ó lọ sọ́dọ̀ Ìyá Bàsírà. Wọ́n fún un ní gàrí."

Ìyẹn kì í ṣe irọ́. Gbogbo ọmọ abúlé ni Ìyá Bàsírà máa ń fún ní gàrí gbígbóná látinú agbada. Ìdí tó fi rọrùn láti sọ nìyẹn. Àbúrò bàbá mi obìnrin dìde. Ó ní, "Obìnrin tó ti sin ọmọ mẹ́ta? Ó wá ku tiwa!" Mo lè dá a dúró níbẹ̀. Mo wo ilẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, kò sí ìyá tó jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ lọ sídìí agbada yẹn. Àwọn tó ń wá láti ọjà Ṣáṣá wá ra gàrí lọ́wọ́ rẹ̀ ń yà sílé ẹlòmíràn. Ẹnìkan da ọ́ìlì mọ́tò sí agbada rẹ̀. Bàsírà, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo tó kù, jókòó ó ń fi yanrìn fọ̀ ọ́ láti àárọ̀ títí di ọ̀sán.

Ìyàwó mi ò pè mí ní Bàbá Ràfíù mọ́. Kò tún pè mí ní nǹkan míì. Ó máa ń ní, "Ẹ gbọ́," tàbí, "Oúnjẹ wà ńlẹ̀." Èmi náà ò mọ ohun tí màá pè é. A wà nínú yàrá kan bí èrò méjì tí wọ́n jọ ń dúró de mọ́tò. Ó ń sunkún. Èmi ò sun ún. Àwọn tó wá kí wa ń sọ pé ọkùnrin ni mí, mo mú un mọ́ra. Wọn ò mọ̀ pé ẹ̀rù ẹnu mi ló ń bà mí. Tí mo bá là á sunkún, ohun tó wà nínú rẹ̀ á jáde.

Lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹjọ, Ìyá Bàsírà wá bá mi lóko. Ó jókòó sórí ebè.

"Ọkọ mi, mo mọ̀ pé o ò ní in lọ́kàn."

Mo ń bá ebè tí mò ń kọ lọ.

"Ọmọ mi kejì, èmi ni mo sùn lé e. Ó rẹ̀ mí, mo sùn lọ fọnfọn, nígbà tí mo máa jí ó ti tutù. Mi ò bá ti ní ayé ló ṣe é. Mo sọ fún ọkọ mi lọ́jọ́ náà gan-an. Ó nà mí. Lẹ́yìn náà a jọ sunkún. Ìyẹn ló jẹ́ kí n lè tún jẹun láyé."

"Ẹ fún mi lọ́jọ́ díẹ̀, Ìyá."

"Màá bá ẹ gbé e di àdúà ogójì ọjọ́. Tó bá ti kọjá, sọ fún ìyàwó ẹ. Èmi ti dàgbà, mo lè kú nígbàkúgbà. Àmọ́ ta ló máa ra gàrí lọ́wọ́ Bàsírà lẹ́yìn mi?"

Ó fọwọ́ pa mí lẹ́yìn, ó dìde, ó lọ.

A ṣe àdúà ogójì ọjọ́. Mi ò sọ. Ní ọjọ́ kejì rẹ̀, lọ́sàn-án gangan, mo bá Ìyá Bàsírà nídìí kànga. Ìyàwó mi wà lẹ́yìnkùlé wa, mo ń gbọ́ bó ṣe ń gbálẹ̀.

"Ṣé o ti sọ fún un?"

"Rárá."

"Ó dáa. Jẹ́ kí n fa omi yìí tán, màá lọ bá a fúnra mi. Kò sí ìjà níbẹ̀, ọkọ mi."

Ó tẹ̀, ó di okùn mú. Mo gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn. Ó rò pé mo fẹ́ bá òun fà á. Ó ní, "Ọlọ́hun á ṣàánú ẹ." Mo tì í.

Ìró ìgbálẹ̀ ìyàwó mi ò dúró. Mo jókòó sílẹ̀. Bàsírà ló kọ́kọ́ débẹ̀, ó rí sálúbàtà ìyá rẹ̀.

"Ìyá mi dà?"

"Wọ́n wà nínú kànga."

"Ta ló tì wọ́n?"

"Èmi ni."

Ó kígbe, èrò sì pé lé wa lórí. Múrí ló pariwo pé, "Ó gbẹ̀san ọmọ ẹ̀ ni! O ṣe bí ọkùnrin!" Àwọn kan mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo tún wo ilẹ̀. Bí lọ́yà mi ṣe sọ ọ́ ní kóòtù náà nìyẹn, pé ọ̀fọ̀ ló yí mi lórí. Bàsírà jókòó síwájú, ó di gèlè ìyá rẹ̀ mọ́wọ́. Mo jẹ́ kí lọ́yà sọ ọ́ tán.

Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti wà níbí kí n tó sọ fún ìyàwó mi. Ó gbé oúnjẹ wá wò mí. Mo ní, "Kì í ṣe Sọ́ńdè ni mo rẹ ẹ̀gẹ́ yẹn."

"Ọjọ́ wo ni?"

"Ọjọ́rú. Jímọ̀ ni mo kó o."

Ó fi ìka kà á. "Ọjọ́ méjì."

"Ọjọ́ méjì."

Ó wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ títí. "Ọwọ́ yìí ni mo fi rò ó. Ó ní kí n bù sí i, mo bù sí i."

Mo ní, "O bi mí léèrè. Èmi ni mo parọ́ fún ẹ." Ó dìde, ó ń lọ. Kò gbé abọ́ oúnjẹ rẹ̀. Kò tún wá fún oṣù mẹ́ta.

Nígbà tó padà wá, ó ní òun ti sọ ọ́ fún àwọn àgbà ní mọ́ṣáláṣí. Àwọn kan ní ẹ̀wọ̀n ti dà mí lórí rú. Ó wá lọ bá Bàsírà nídìí agbada ìyá rẹ̀. Kò sí oníbàárà kankan níbẹ̀. Ó ra gàrí kóńgò kan, ó bu díẹ̀ sínú abọ́, ó da omi sí i, ó sì jókòó ní gbangba, ó ń mu ún níṣojú gbogbo abúlé.

Mo ní, "Kí ni Bàsírà sọ?"

"Ó ń yan gàrí rẹ̀ lọ. Nígbà tó yá, ó ní ṣé kóun bu ṣúgà sí i fún mi." Ó nu ojú rẹ̀. "Mi ò tíì dárí jì yín o. Ẹ má rò bẹ́ẹ̀. Mo kàn ní kí n wá sọ fún yín ni, Bàbá Ràfíù."

Mo gbọ́ ohun tó pè mí. Ẹnu mi là. Wọ́dà tó dúró tì wá kọjú sí ògiri. Níbẹ̀, lẹ́yìn gbogbo àkókò yẹn, a jọ sunkún.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ bá ka èyí, ẹ má wò ó pé ọ̀rọ̀ apànìyàn ni, kò kàn yín. Èmi náà ò mọ̀ pé ọ̀nà yìí ni mò ń tọ̀ nígbà tí mo sọ pé "Sọ́ńdè náà ni." Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gẹ́ pé ọjọ́ rẹ̀ nínú omi. Tí ẹ bá kọjá ní abúlé wa, ẹ ra gàrí lọ́wọ́ Bàsírà. Ìyá rẹ̀ ò pa ọmọ ẹnikẹ́ni. Tí nǹkan burúkú bá sì tọwọ́ yín wá sínú ilé, ẹ má wá ẹni tí ẹ máa gbé e fún. Ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Wọ́n lè nà yín. Wọ́n lè má bá yín sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ ó jọ sunkún.