Ewé Òdòdó Karùn-ún

Ẹ̀yin tí ẹ ń jókòó nílé iṣẹ́ àwòrán lónìí, ẹ gbé búrọ́ọ̀ṣì yín sílẹ̀ ná, kí ẹ gbọ́ mi. Mo ti dàgbà kọjá ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Tèmi kò rí bẹ́ẹ̀. Òtítọ́ kò sáré rárá; inú agolo mílíìkì ló jókòó sí jẹ́ẹ́, tí ọmọ ọmọ mi fi gbé e wá bá mi ní pálọ̀. Ọwọ́ mi mọ ewé yà ju bó ṣe mọ lẹ́tà kọ lọ, ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ kò nílò ọ̀rọ̀ ńlá. Obìnrin tí ẹ ń pè ní Olódòdó-Àlá, tí ẹ ń fi ìtàn rẹ̀ dẹ́rù ba ọmọ iṣẹ́ tuntun, kò parọ́ rí. Àbúrò mi ni. Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mo parọ́ mọ́ ọn, ọwọ́ ọ̀tún mi yìí ni mo sì fi ṣe é.

Ẹ kò bá ìyá tó dá ilé iṣẹ́ yẹn sílẹ̀. Màmá Wò-Ó-Dáadáa là ń pè é, nítorí kò sí ọ̀rọ̀ tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ ju ìyẹn lọ. Ewéko ilẹ̀ wa nìkan là ń yà lọ́dọ̀ rẹ̀, àwọn tí ẹnikẹ́ni kò gbìn: èyí tó hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, èyí tó yọrí láti inú ògiri tó sán, èyí tó dì mọ́ àpáta létí odò. Bí kòkòrò bá ti jẹ ewé, ihò ẹnu kòkòrò gbọ́dọ̀ hàn. Bí ìdajì rẹ̀ bá ti gbẹ, kí o yà á ní gbígbẹ. Ìgbà kan wà tí mo fi ẹ̀kán ìrì kan ṣe ẹ̀ṣọ́ sórí ewé tí kò ní ìrì lára. Màmá tẹjú mọ́ ọn, ó ní, "Ṣé ìwọ lo wẹ̀ ẹ́ ni?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Òfin méjì péré ló fi lélẹ̀: má fi kún un, má sì fà á tu. Ibi tí ewéko bá dúró sí ni kí o gbé àpótí ìjókòó rẹ lọ bá a. Ẹ fi òfin méjèèjì yẹn sọ́kàn, nítorí mo rú wọn tán kí ọjọ́ méjì tó pé.

Ohun kan tún wà tí ẹ̀yin òde òní kò lò mọ́: ọ̀dà ọlọ́ṣẹ. Bí Màmá bá rí i pé ẹnìkan gbàgbé nǹkan nínú àwòrán tó ti gbẹ, kì í fi ọ̀dà olóróro kàn án. Á po ọ̀dà olómi mọ́ ọṣẹ díẹ̀, kó lè lẹ̀ mọ́ ojú òróró, á wá fi ya ohun tí o gbàgbé síbẹ̀. Bí o bá ti rí àṣìṣe rẹ, wàá fi aṣọ tútù nù ún kúrò, wàá sì fi ọ̀dà gidi tún un yà fúnra rẹ. Lẹ́yìn Màmá, èmi nìkan ni mo mọ ọ̀dà ọlọ́ṣẹ po débi tí ojú kò fi ní tètè mọ̀ ọ́n yàtọ̀. N kò ní fi ìrẹ̀lẹ̀ èké bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Mo mọṣẹ́. Ẹni tó mọṣẹ́ ló sì mọ ibi tí iṣẹ́ ti lè bàjẹ́.

Àga kan wà lójú fèrèsé, níbi tí ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ ti ń wọlé láìsí òjìji. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá já fáfá jù ló ń jókòó síbẹ̀. Ó pẹ́ tó ti jẹ́ tèmi. Èmi náà ni mo mú àbúrò mi wọ ilé iṣẹ́, èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di búrọ́ọ̀ṣì mú. Ṣùgbọ́n ojú ọmọ náà mú ju abẹ lọ. Òun ló rí òdòdó kékeré aláwọ̀ àlùkò kan lábẹ́ àpáta odò, irú èyí tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò rí rí, ẹyọ kan ṣoṣo. Àràárọ̀ ló ń gbé àpótí rẹ̀ lọ bá a. Á padà wá, á máa ròyìn: "Màmá, ewé òdòdó mẹ́rin ló ní. Èyí tó wà lápá òsì kéré sí àwọn yòókù, bí ọmọ tó ń tẹ̀ lé àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀." Màmá ránṣẹ́ sí Bàbá Oníjígí, ọkùnrin tó mọ orúkọ gbogbo ewéko, tó máa ń fi jígí kékeré ọwọ́ rẹ̀ tó ń sọ nǹkan di ńlá wo ohun gbogbo, títí kan oúnjẹ tí ìyàwó rẹ̀ bá gbé síwájú rẹ̀. Ó ní kó wá wo òdòdó tuntun lọ́jọ́ ìpàtẹ àwòrán wa. Lọ́jọ́ tí àwòrán náà parí, Màmá kọjú sí mi lójú gbogbo ènìyàn, ó ní, "Dìde níbẹ̀, jẹ́ kí àbúrò rẹ jókòó. Ìmọ́lẹ̀ ti di tirẹ̀." Mo rẹ́rìn-ín. Mo dìde. Mo tilẹ̀ fi etí aṣọ mi nu àga náà fún un. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó bá ń nu àga fún yín pẹ̀lú irú ẹ̀rín yẹn.

Nígbà tí ìpàtẹ ku ọ̀la, àwọn yòókù lọ gbá gbọ̀ngàn ìpàtẹ, ó ku èmi nìkan níwájú àwòrán náà. Mo po ọṣẹ. Mo ya ewé òdòdó karùn-ún sáàárín méjì, ó sì jókòó síbẹ̀ bí ẹni pé Ọlọ́run ló fi í síbẹ̀. Èrò mi ni pé wọ́n á fi ṣe yẹ̀yẹ́, bí wọ́n ti fi ìrì mi ṣe, lẹ́yìn náà màá yọ́ lọ nù ún kúrò. Èyí ni mo sọ fún ara mi. Bó bá jẹ́ òótọ́ ni, kí ni mo wá fi gíláàsì ṣe? Nítorí káfíńtà tó ń kan férémù wa wọlé dé. Ó ti ń tẹ̀ lé mi kiri látọjọ́ yìí pé òun fẹ́ fi mí ṣaya. Ó ṣímú, ó ní, "Ọṣẹ ń rùn níbí o. Ṣé aṣọ lò ń fọ̀ ni?" Mo ní, "Fi gíláàsì bo èyí." Ó ní, "Gíláàsì kẹ̀? Àwòrán olóróro? Ta ló ń ṣe irú ẹ̀?" Mo ní, "Ṣé o fẹ́ fẹ́ mi àbí o kò fẹ́?" Ó wo àwòrán, ó wò mí, ó sì lọ gé gíláàsì. Bàbá àwọn ọmọ mi nìyẹn. Ó gbé ẹnu rẹ̀ ní dídì lọ sí sàárè, àfi ọjọ́ kan tó kàn jí tó ní, "Ìyá wọn, mo tún lá àlá gíláàsì yẹn."

Lọ́jọ́ ìpàtẹ, Bàbá Oníjígí tẹ jígí rẹ̀ mọ́ gíláàsì. Ó ní, "Ìyá, ẹ ní mẹ́rin. Márùn-ún ni mo kà." Àbúrò mi ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, ẹ nu jígí yín." Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín pẹ̀lú. Àbúrò mi wá sún mọ́ àwòrán náà wò, ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu rẹ̀. "Èmi kọ́ ni mo ya èyí. Mẹ́rin ni mo yà." Màmá ní, "Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ ni mo gbà. Ta ló wá yà á, àǹjọ̀nú?" Gíláàsì ti bo òórùn ọṣẹ, ó fi dídán tirẹ̀ bo ojú ọ̀dà tí kò dán, ta ni ì bá sì fura? Ọmọ ìyá mi yíjú sí mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi sọ fún wọn. Ẹ̀gbẹ́ yín ni mo ti parí rẹ̀, ẹ mọ̀ pé mẹ́rin ni." Mo wo ilẹ̀. Mo ní, "Èmi kò kà á." Gbólóhùn kan péré. Kò sí èyí tó wúwo tó o nínú gbogbo ohun tí mo ti fi ẹnu yìí sọ. Àbúrò mi ní, "Ó dáa. Ewéko náà wà létí odò. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ wò ó láàárọ̀." Gbogbo wọn gbà bẹ́ẹ̀.

Mo ṣáájú wọn débẹ̀. Oòrùn ń yọ bọ̀. N kò débẹ̀ rí, ẹ gbọ́ o. Ìlara kò jẹ́ kí n lọ wo ohun tí mò ń bàjẹ́. Ó wà níbẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là. Mẹ́rin. Èyí tó wà lápá òsì kéré, gẹ́gẹ́ bí àbúrò mi ti wí. Mo wò ó dáadáa, bí Màmá ti kọ́ mi, lẹ́yìn náà mo fà á tu. Gbòǹgbò rẹ̀ di àpáta mú bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ já lẹ́nu ọmú. Mo jù ú sódò, mo sì fi ewédò dí ojú ihò rẹ̀. Mo yọ́ padà sílé, mo sì tún bá wọn rìn wá. Nígbà tí a dé, Bàbá Oníjígí kúnlẹ̀, ó wá a títí, kò rí nǹkan kan. Màmá kò pariwo. Ó kàn ní, "Mo lè fara da ẹni tí kò mọ ewéko yà. Ẹni tó ń bá Ọlọ́run dá tirẹ̀, kò sí àga fún un lọ́dọ̀ mi." Kí oòrùn tó wọ̀, àwọn ọmọ iṣẹ́ ti sọ ọ́ ní Olódòdó-Àlá. Èmi padà sójú fèrèsé. Òun lọ ń bá alágbàfọ̀ fọ aṣọ, kò sì fọwọ́ kan búrọ́ọ̀ṣì mọ́. Nígbàkígbà tó bá dì mọ́ mi láti kí mi, ọṣẹ ni mò ń gbọ́ lára rẹ̀. Ẹ wo bí ayé ṣe ń fi ènìyàn ṣẹ̀sín.

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ọmọ ọmọ mi wá rìn lọ sísàlẹ̀ odò, ó sì gbé ẹ̀ka òdòdó kan tí ẹran ti tẹ̀ já bọ̀ nínú agolo. "Ìyá àgbà, ẹ bá mi wo èyí. Wọ́n pọ̀ níbẹ̀ bí ẹni fọ́n irúgbìn!" Mo kà á. Mẹ́rin, kékeré kan lápá òsì. Mo rò pé mo sọ ọ́ nù ni, àṣé mo gbé e fún odò gbìn. Mo ránṣẹ́ pe àbúrò mi. Mo gbé àwòrán náà jáde láti ẹ̀yìn àpótí aṣọ mi, níbi tó wà látìgbà tí Màmá ti kú, tí mo gbé e kúrò nílé ẹrù ilé iṣẹ́. Mo yọ gíláàsì rẹ̀, mo fi aṣọ tútù sí i lọ́wọ́, mo kúnlẹ̀ pẹ̀lú orúnkún tó ń ro mí yìí, mo sì sọ ohun gbogbo. Ó na ọwọ́, ó nù ún lẹ́ẹ̀kan, ewé karùn-ún jáde bọ́ sínú aṣọ. Ìnù kan ṣoṣo! Ó wo àbàwọ́n inú aṣọ náà pẹ́. Ó ní, "Gbogbo ayé mi rèé." Ó ká aṣọ náà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, inú pálọ̀ lẹ ti jẹ́wọ́. Ṣé inú pálọ̀ ni wọ́n ti sọ mí lórúkọ?"

Ìdí tí mo fi ń kọ ọ́ ránṣẹ́ sí yín nìyẹn. Ìta lorúkọ náà wà, ìta ni kí ẹ ti bá mi mú un kúrò. Ẹ gbé àwòrán náà kọ́ sára ògiri láìsí gíláàsì, ẹ sì sọ fún ọmọ iṣẹ́ tuntun pé ẹni tó yà á rí ohun tó yà. Ẹ má bá mi bẹ àbúrò mi. Ẹ̀bẹ̀ yẹn, tèmi ni, mo sì ń bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ọwọ́ bá ń yún yín láti fi ewé kan kún iṣẹ́ ẹlòmíràn, ẹ rántí pé aṣọ tútù ń nu ọ̀dà nígbàkígbà, ṣùgbọ́n ọjọ́ kìíní nìkan ló ń nu orúkọ. Ohun tí ẹ kò bá nù lọ́jọ́ náà, ẹlòmíràn ni yóò máa fi ara gbé e.

Bí mo ti ń kọ èyí lọ lójú fèrèsé mi láàárọ̀ yìí, àbúrò mi wọlé, agolo mílíìkì lọ́wọ́ kan, búrọ́ọ̀ṣì ọmọ ọmọ mi lọ́wọ́ kejì. Kò kí mi. Ó dúró lé mi lórí títí mo fi gbójú sókè. Ó ní, "Ẹ dìde níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ìmọ́lẹ̀ mi lẹ jókòó sí."

Mo dìde. Mo fi etí aṣọ mi nu àga náà fún un.