Ohun tí Akọ̀wé Ẹ̀yìn Gíláàsì Sọ Gan-an

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ti ilẹ̀kùn yẹn, kí ẹ jókòó. Àbúrò mi, ìwọ náà, gbé áyọ́ọ̀nù yẹn sílẹ̀. Apá òsì mi ti kú, ahọ́n mi náà ti ń wúwo. Tí n kò bá sọ ọ́ lónìí, ó lè má ṣeé sọ mọ́. Irọ́ ni mo fi há ẹ mọ́ ìlú yìí.

Ẹ̀yin ọmọ, èmi ni mo mú un wá sí òkèèrè yìí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ilé ìfọṣọ ni, ẹ ṣì kéré, bàbá yín sì ti bá tirẹ̀ lọ. Òun ló ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì, òun ló ń wẹ̀ yín. Ká má purọ́, tí kì í bá ṣe tiẹ̀ ni, mi ò bá ti kó aṣọ oníbàárà sá lọ. Ìgbà tó yá, àìsàn dá Màmá wa dùbúlẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ n lọ wò wọ́n, mà á tètè padà." Mo ní páálí ìgbélùú rẹ̀ kì í ṣe irú èyí tí èèyàn ń gbé jáde, pé tó bá ti kọjá bodè, ó tán nìyẹn. Kò jiyàn. Ó kàn ní ká jọ lọ bi àwọn tó fún un ní páálí. Mo mú un lọ láìfòyà, torí mo mọ̀ pé kò gbọ́ èdè wọn. Ẹ ò rí ìkà!

Akọ̀wé tó wà lẹ́yìn gíláàsì yẹ páálí náà wò, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Kò sí wàhálà. Kó gba òǹtẹ̀ àtilọ-àtibọ̀ lọ́dọ̀ wa kó tó jáde, kó sì padà kí ọdún kan tó pé. Kó bá mi kí ìyá rẹ̀." Bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ nìyẹn. Àbúrò mi ń wo ẹnu mi. Mo ní, "Ó ní tó o bá jáde, o ò lè wọlé mọ́." Ó ní, "Kí ló wá ń pa á lẹ́rìn-ín?" Mo ní, "Àánú ẹ ló ń ṣe é." Ló bá kúnlẹ̀, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn! Mo ṣì lè yí ọ̀rọ̀ náà padà nígbà yẹn. Àmọ́ aṣọ kún ilẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Mo fà á lápá, a lọ sílé.

Màmá bi mí lórí fóònù pé, "Ṣé lóòótọ́ ni wọn ò jẹ́ kó wá?" Mo ní lóòótọ́ ni. Wọ́n ní, "Bá mi tọ́jú ẹ̀." Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá mi sọ kẹ́yìn nìyẹn. Lọ́jọ́ tá a gbọ́ pé wọ́n ti kú, aṣọ ni àbúrò mi ń lọ̀. Omijé ń kán sórí kọ́là, ó sì ń fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́ gbẹ. Èmi náà sunkún. Ojú ò tì mí.

Látìgbà náà lèmi náà ti wọ gàù. Tó bá fẹ́ kọ́ èdè, mà á wá iṣẹ́ fún un. Tẹ́ni tó gbọ́ èdè wa bá wọ ṣọ́ọ̀bù, mà á sáré lọ dá a lóhùn. Èmi tí páálí mi pé, mi ò lè lọ sílé, torí kí ni mo fẹ́ sọ fún un?

Ẹ̀yin ọmọ, ẹni tó bá ní kí ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ fóun, ẹ sọ ọ́ bí ẹ ṣe gbọ́ ọ. Àbúrò mi, kí àkọ́bí mi mú ẹ lọ gba òǹtẹ̀ náà lọ́la. Mo mọ̀ pé ìwọ lò ń yí mi lórí bẹ́ẹ̀dì yìí. Má rò ó. Lọ síbi ibojì Màmá. Dárí jì mí tó o bá lè. Tí o ò bá lè, ṣáà máa lọ.

Àbúrò mi, kí ló dé tí ò ń wo ẹnu àwọn ọmọ bí ẹni tó ń retí ògbufọ̀? Èdè wa ni mo fi sọ ọ́.