Fọ́ọ̀mù Tí Wọn Ò Jẹ́ Kí N Kà

Má kí mi! Mo ní má kí mi, Tíṣà! Ẹ̀gbọ́n rẹ tí o tà lánàá, ṣé òun náà lo tún wá ń dọ̀bálẹ̀ fún lónìí? Dìde jọ̀ọ́, má fi ṣòkòtò nu ilẹ̀ fún mi. Jókòó. Rárá o, kì í ṣe orí àga yẹn, àga yẹn ni mo jókòó sí lánàá nígbà tí ò ń dójú tì mí.

Ṣé kì í ṣe inú yàrá mi la ti fẹnu kò, èmi àtìwọ, kí àwọn yòókù tó dé? Mo ní, Tíṣà, ọmọ ọmọ mi yìí ti jáde girama, èsì ìdánwò rẹ̀ dáa, yunifásítì ló ń lọ, ìwọ ni kó o kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, èmi á tì ọ́ lẹ́yìn. O ní, "Àǹtí mi, ó ti parí." Ó ti parí! Ẹnu rẹ yìí náà ni o! Àfi bí gbogbo wa ṣe jókòó tán, tí ìyá ọmọ jókòó, tí bàbá ọmọ jókòó, tí o wá lanu, tí o ní ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ló yẹ ẹ́, kó lọ kọ́ iṣẹ́ iná, pé o tiẹ̀ ti bá a fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn! Ẹni a ní kó kín ni lẹ́yìn, ẹ̀gún ló fi sọ́wọ́! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko lo fi ń wá síbí, tí ò ń jẹ oúnjẹ mi, tí ò ń bá mi ṣàwàdà, tí ìwé wà lápò rẹ!

O ní kí n má bínú? Ta ní ń bínú? Ó dùn mí ni.

Má sì sọ fún mi pé mo kórìíra iṣẹ́ ọwọ́. Bàbá wa ńkọ́? Ṣé kì í ṣe bíríkìlà ni? O kéré nígbà yẹn, o ò lè rántí bí sìmẹ́ǹtì ṣe jẹ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ débi pé èmi ni mò ń bá a de bọ́tìnì láràárọ̀. Ó búra pé ọmọ òun kan ò ní fọwọ́ kan sìmẹ́ǹtì. Mo sọ èyí fún Tọ́ọ̀ṣì, ọmọ ọmọ mi. Àbí ìwọ kọ́ lo sọ ọ́ ní Tọ́ọ̀ṣì, nígbà tó tú tọ́ọ̀ṣì mi palẹ̀ lọ́mọ ọdún mẹ́rin? Gbọ́ èsì tí ọmọ fún mi: "Ìyá àgbà, ta ló kọ́ ilé tí a jókòó sí yìí?" Bàbá wa ló kọ́ ọ, ògiri kan ò sì tíì sán. Fáànù òkè yìí náà, tó kú láti ọdún tó kọjá, Tọ́ọ̀ṣì ló gun àga, tó tú u, tó tò ó padà. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ ló ń fẹ́ sí mi lára báyìí tí mò ń bú ọ.

Nítorí náà kì í ṣe iṣẹ́ iná ló dùn mí, kó yé ọ! Ẹ ò jẹ́ kí n ka fọ́ọ̀mù náà ni! Láti ìgbà tí mo ti jáde girama, èmi tí mo kọ́kọ́ jáde níbẹ̀ nínú ìdílé yìí, ìwé wo ló mú ọmọ kúrò nílé tí n ò kà sókè nínú pálọ̀ yìí, láti orí dé ìsàlẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó mú bírò? Ti ọmọ ẹ̀gbọ́n wa tó di nọ́ọ̀sì, èmi ni. Ti àwọn ìbejì, èmi ni. Tìrẹ gan-an ńkọ́, aláìmoore? Ṣebí ibi tí wọ́n ní kó o kọ orúkọ bàbá rẹ sí lo kọ orúkọ ara rẹ sí! Ta ló rí i? Ká ní mi ò kà á ni, ta ni ìbá máa pè ọ́ ní Tíṣà lónìí? Àgbà wá dé sí mi, ẹ ń lọ fọwọ́ sí ìwé ọmọ mi ní kọ̀rọ̀ bí ẹni jí ẹran gbé, ìwọ tí o ò tiẹ̀ tíì tún awò ojú rẹ tó fọ́ ṣe!

Mo mọ̀ pé ọ̀la ni wọ́n ń gba fọ́ọ̀mù kẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí o fi sáré wá. Bàbá ọmọ ti ní fọ́ọ̀mù ò ní jáde bí mi ò bá fẹnu sí i. Òun nìkan ló rántí pé mo ṣì wà láàyè.

Gbé e wá. Mo ní gbé ìwé náà wá! Awò ojú mi dà? Ó wà lórí mi, kí ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín?

"Ẹ̀ka iṣẹ́ iná. Ọdún méjì." Ẹ̀n. "Ọjọ́ ìbí." Ó tọ̀nà. "Mo ṣèlérí láti máa tètè dé, láti máa wọ bàtà iṣẹ́." Ó dáa. "Akẹ́kọ̀ọ́ fọwọ́ sí ibí..."

Tíṣà.

Tíṣà, sún mọ́ mi. Ọwọ́ ta nìyí, tó nírù gígùn bí ìrù ọ̀bọ? Ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ń fọwọ́ sí nìyẹn! Yéè! Ta ló wá fọwọ́ síbi alágbàtọ́? Tọ́ọ̀ṣì! Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni alágbàtọ́ rẹ! Ìwọ lò ń lọ kọ́ṣẹ́ iná, ìwọ tí o máa ń fi igi tan súìṣì! Hà hà hà! Ẹ gbà mí o, ẹ̀gbẹ́ mi! Tètè sùn o, kó o má pẹ́ẹ́ dé kíláàsì!

Ó tó, gbórí sókè. Lọ gba fọ́ọ̀mù mìíràn kí wọ́n tó ti ọ́fíìsì, kó o sì mú Tọ́ọ̀ṣì bọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣí bírò o! Inú pálọ̀ yìí ni n ó ti kà á, láti orí dé ìsàlẹ̀. Ibi alágbàtọ́ yẹn, èmi gan-an ni n ó fọwọ́ sí i. Kì í ṣe ìwọ, akẹ́kọ̀ọ́!