Òbìrí Tí Mo Fi Ọ̀dà Dí

Ẹ sún mọ́ mi. Ẹnu tó ń pa yín lẹ́rìn-ín nílé iṣẹ́ ìfọṣọ láti ogún ọdún ti fẹ́ pa dé, òtítọ́ kan ṣì há sí i. Dókítà ní ọjọ́ tó kù fún mi ò tó ìka ọwọ́ kan. Àbúrò mi obìnrin, jókòó. Ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ ni.

Èmi àti ọkọ rẹ, tí gbogbo wa ń pè ní Fẹ̀sọ̀, la jọ ń ṣọ́ bọ́ílà, àgbá irin ńlá tó ń se omi, tó sì ń fi ooru ránṣẹ́ sí àwọn obìnrin tó ń lọ aṣọ. Torí pé púpọ̀ nínú wa ò mọ̀wé, onímọ̀ ẹ̀rọ fa ìlà nọ́ńbà sára ògiri, láti òdo dé mẹ́wàá. Ó ya òbìrí róbótó sórí mẹ́jọ, ó fi inú rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, ó wá fa ọfà láti ibẹ̀ lọ sápá òdo. Ó ní ibi tí ọfà gbà ni kí abẹ́rẹ́ aago tó ń wọn agbára ooru bọ́ílà máa wà; ó lè sún mọ́ mẹ́jọ bó ṣe wù ú, ṣùgbọ́n mẹ́jọ gan-an ò sí níbẹ̀. Ká ní òbìrí náà kún ni, mẹ́jọ ì bá wọlé. Fẹ̀sọ̀ gbà bẹ́ẹ̀: bó bá ti kù díẹ̀ kí abẹ́rẹ́ kan mẹ́jọ, á dín iná kù. Àwọn obìnrin á ní ooru wa ò lè mú omijé gbẹ. Ọ̀rọ̀ yẹn ń ta mí, èmi tí òǹgbẹ ìyìn ń pa.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí Fẹ̀sọ̀ lọ pọnmi, mo ti ìka bọ ọ̀dà dúdú, mo fi dí inú òbìrí náà. Kò pẹ́ tó kéèyàn sín. Ó dé, ó wò ó títí. “Ẹ̀gbọ́n, ṣé òfìfo kọ́ nibí yìí lánàá?” Mo bú sẹ́rìn-ín. “Àna mi, lọ bọ́jú. Onímọ̀ ẹ̀rọ ló wá dí i, ó ní mẹ́jọ ti wọlé.” Ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ ló sọ ọ́, ó gbà, ó jẹ́ kí abẹ́rẹ́ dúró sórí mẹ́jọ. Aṣọ ń gún régé, àwọn obìnrin ń kì mí, èmi ẹranko ń tẹrí ba fún wọn bí òṣèré. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nǹkan kan ò ṣe. Ó di ọjọ́ kejìlélógún, bọ́ílà bẹ́. Omi gbígbóná bo Fẹ̀sọ̀. Èmi wà níta, mò ń dá àpárá lọ́wọ́.

Ẹ rò pé ìyẹn ló burú jù? Rárá o. Àwọn tó wá wádìí bi mí pé ta ló kun òbìrí náà. Mo ní Fẹ̀sọ̀ ni. Ó lo ọjọ́ méjì nílé ìwòsàn, ó ń wí fún ọ pé, “Bó ṣe kún ni mo bá a.” O yíjú wò mí. Mo mirí, mo ní ibà ló ń sọ ọ́. Ó gbọ́ mi. Kò tún la ẹnu mọ́ títí tó fi kú. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pe àwọn ọmọ yín ní ọmọ ẹni tí àìgbọràn pa.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹni tó mọ̀ bá fi ibì kan sílẹ̀ lófìfo, ẹ má fọwọ́ kàn án. Àbúrò mi, mi ò ní kó o foríjì mí lónìí. Sáà pe àwọn ọmọ wọlé, kí n sọ ọ́ lójú wọn kí ahọ́n mi tó wúwo: bàbá wọn ò purọ́.