Ẹ̀jẹ̀ Tèmi Nínú Ìgò Jọkẹ́

Ẹ jókòó, Bàbá Ìyìn. Bàbá Wòlíì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin náà ẹ jókòó, mo mọ̀ pé ọ̀nà Ìkòyí jìn fún ẹsẹ̀ yín. Ìyìn, má lọ bu omi kankan wá fún mi, n ò mu nǹkan kan. Òtítọ́ kan wà lọ́wọ́ mi tó yẹ kí ẹ ti gbọ́ láti ọjọ́ tí Jọkẹ́, ìyá Ìyìn, kú, mo sì fẹ́ sọ ọ́ tán kí n tó dìde lórí àga yìí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé e kiri. Mo gbé e lọ síbi iṣẹ́, mo gbé e lọ sí mọ́ṣáláṣí, mo gbé e lọ síbi tí a ti sin Jọkẹ́ gan-an. Mo ti gbà pé n ó gbé e wọ sàréè. Ṣùgbọ́n Ìyìn ti bẹ̀rẹ̀ oògùn ikọ́ ife, oògùn kan náà tí ìyá rẹ̀ lò, ó sì ti ń bì. Bí mo bá dákẹ́, ó lè kú. Ìdí tí mo fi wá nìyẹn. Ẹ má rò pé ẹ̀rí-ọkàn ló jí mi, ẹ̀rí-ọkàn tèmi ti sùn tipẹ́.

Ẹ mọ̀ mí sí Nọ́ọ̀sì Raliat tó máa ń gun ọ̀kadà láti Ìkirè lọ sí Àpòmù, tó máa ń gbé kúlà lé itan. Ẹ ò fi bẹ́ẹ̀ mọ ohun tó wà nínú kúlà yẹn. Iṣẹ́ ìwádìí là ń ṣe. Àwọn dókítà fẹ́ mọ bí ọmọ ogun ara ṣe ń bá kòkòrò ikọ́ ife jà nígbà tí ènìyàn bá ń lo oògùn, ìdí tí ara ẹnìkan fi ń tètè borí rẹ̀ tí ti ẹlòmíràn fi ń pẹ́. Nítorí náà, a máa ń fa ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn lóòrèkóòrè. Ẹ̀jẹ̀ yẹn náà ni wọ́n fi ń yẹ ẹ̀dọ̀ wò, torí oògùn náà, bó ti dára tó, ó máa ń ba ẹ̀dọ̀ àwọn kan jẹ́. Àìmọye ènìyàn ló ti lò ó tí wọ́n sàn, tí wọ́n padà sóko wọn. Àwọn díẹ̀ ni ẹ̀dọ̀ wọn kì í gbà á, àwọn yẹn náà kò sì ní kú bí a bá tètè rí i nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. A ó dá oògùn dúró, a ó fún wọn ní òmíràn. Orúkọ kì í sí lára ìgò tí a ń fa ẹ̀jẹ̀ sí, nọ́ńbà ni. Ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni tó bá wọ inú ìgò náà, ẹni tó ni nọ́ńbà ni dókítà máa rò pé òun ń wò.

Bàbá Ìyìn, ẹ mọ ìyàwó yín ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lọ, ṣùgbọ́n èmi náà mọ̀ ọ́n díẹ̀. Nígbà tó ṣì ń ta dòdò létí títì, tí mo bá yọ pẹ̀lú kúlà mi, á ti bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́. Á ní, "Àńtí Nọ́ọ̀sì, ẹ tún ti dé. Ẹ̀jẹ̀ tí ẹ ti gbà lára mi, ọbẹ̀ lẹ fi ń sè ni?" Á na apá, á yí ojú sẹ́yìn, á máa polówó dòdò fún àwọn èrò ọkọ̀ bí abẹ́rẹ́ ṣe ń wọlé. Bí ikọ́ náà ò ṣe tètè lọ, ó gba ṣọ́ọ̀ṣì Bàbá Wòlíì lọ ní Àpòmù, ó ní òun fẹ́ gbé orí ilẹ̀ àánú, inú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì tí àwọn aláìsàn ń sùn sí, fún ìgbà díẹ̀. Kò sẹ́ni tó bá a jà. Àdúrà lọ́tùn-ún, oògùn lósì, bó ṣe ń ṣe é nìyẹn. Mo bá a lórí ẹní pẹ̀lú Bíbélì àti ọ̀rá oògùn rẹ̀.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ bá a níbẹ̀, kò na apá. Ó ní, "Ẹ má bínú, Àńtí. Ẹni tó bá wà lórí ilẹ̀ yìí kò gbọdọ̀ ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọjọ́ mi níbí pé ná kí n jáde." Bàbá Wòlíì wà lókè lọ́hùn-ún, wọ́n wọ sùtánà, wọ́n ń gbálẹ̀ iwájú pẹpẹ. Ìgbésẹ̀ mélòó kan ni ì bá gbà mí láti lọ bi wọ́n. N ò lọ. Mùsùlùmí ni mí, n ò fẹ́ kí wọ́n ní Mùsùlùmí ló wá ba ilẹ̀ àwọn jẹ́. Ohun tí mo ń sọ fún ara mi nìyẹn, ó sì dára létí. Ohun tó kù ni pé Dókítà Olúrótìmí, ọ̀gá wa tó ń ti Ìbàdàn wá, máa ń tọ́ka sí mi níwájú àwọn yòókù. Wọ́n á ní, "Ẹ wo Raliat. Kò sí aláìsàn tó bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ rí." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi ju oúnjẹ lọ. N ò fẹ́ kó yí padà nítorí ẹnìkan tó wà lórí ẹní. Mo padà sí yàrá ẹ̀yìn ní ilé ìwòsàn, mo fi eyín fa rọ́bà so apá òsì mi, mo fa ẹ̀jẹ̀ ara mi, mo lẹ nọ́ńbà Jọkẹ́ mọ́ ọn. Ó rọrùn. Ó yẹ kí bó ṣe rọrùn tó yẹn bà mí lẹ́rù, kò bà mí.

Dókítà pè mí lórí fóònù. Wọ́n ní, "Obìnrin Àpòmù yẹn ń ṣe dáadáa o. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ dára, ọmọ ogun ara rẹ̀ dúró digbí. Kó máa bá oògùn lọ." Mo sọ fún Jọkẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ dára. Ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ wo? Ẹ ò gbà á." Mo ní mo ti bá a yanjú ẹ̀, kó má da ara rẹ̀ láàmú. Ó gbàdúrà fún mi. Ó ní Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ojú tì mí. Kò mọ ohun tí ẹ̀jẹ̀ wà fún, èmi tó mọ̀ ló yẹ kí n sọ fún un, n ò sọ. Nígbà tí mo tún padà lọ, kò jẹun mọ́. Ó ní oúnjẹ ń rùn sí òun, ara ń yún òun, òun ń bì. Èmi ni mo máa ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì kéékèèké pé bí ẹ bá ti rí nǹkan wọ̀nyí, ẹ pe dókítà. N ò pe dókítà. Apá mi ni mo tún so.

Bàbá Wòlíì, ẹ jẹ́ kí n sọ eléyìí lójú Bàbá Ìyìn, torí pé láti ọjọ́ náà ẹ ò sọ ọ́ fún ẹnì kankan. Ẹ̀yin lẹ ránṣẹ́ pè mí. Ẹ ní, "Nọ́ọ̀sì, ojú ọmọ yìí ti pọ́n, ìtọ̀ rẹ̀ dúdú. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn." Mo ní òfin ilẹ̀ yín ńkọ́. Ẹ ní, "Òfin yẹn ò kọjá ọgbà. Ẹ mú un jáde síta kí ẹ gba ẹ̀jẹ̀ tó bá wù yín. Ṣé ẹ ò bi ẹnikẹ́ni ni?" Mo ní n ò bi ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ gbé e nílẹ̀, ẹ mú un gba ẹnu géètì jáde, ẹ di apá rẹ̀ mú fún mi. Mo fa ẹ̀jẹ̀ náà. Ẹ̀jẹ̀ Jọkẹ́ gan-an ni lọ́tẹ̀ yìí. Mo gbé e sínú kúlà, mo gun ọ̀kadà, mo forí lé Ìkirè.

Ibi tó burú jù nìyí. Bí ọ̀kadà ṣe ń lọ, mo ń rò ó. Bí ẹ̀jẹ̀ yìí bá dé láàbù, wọ́n á rí i pé ẹ̀dọ̀ ti bàjẹ́. Wọ́n á bèèrè bí ẹ̀dọ̀ tó dára láìpẹ́ yìí ṣe bàjẹ́ tó báyìí. Wọ́n á gbé ti tẹ́lẹ̀ jáde, wọ́n á tún un yẹ̀ wò, wọ́n á rí i pé ẹ̀jẹ̀ ènìyàn méjì ni. Mo mọ̀ pé ìgò yẹn lè gbà á là. Kì í ṣe pé n ò mọ̀. Mo wọ ilé ìwòsàn, mo gba ẹ̀yìn lọ sí ilé ìgbẹ́, mo ṣí ìgò náà, mo da ẹ̀jẹ̀ Jọkẹ́ sínú ihò. Mo da omi tẹ̀lé e. Mo padà sí yàrá, mo so apá mi. Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Ẹni tó pa òwe yẹn, ikú ara rẹ̀ ló ní lọ́kàn. Èmi, ikú ẹlòmíràn ni mo fi bo ẹ̀sín tèmi. Nígbà tí mo ṣe tán, mo ṣe àlùwàlá, mo kírun Àsàrí, mo lọ sílé lọ tẹ ẹ̀bà.

Dókítà ní ẹ̀dọ̀ dára, pé bóyá ibà lásán ló sọ ojú di pípọ́n. Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn lọ bá Bàbá Wòlíì. Mo ní, "Dókítà ní kò sí nǹkan kan." Wọ́n ní, "Ẹ̀yin lẹ kàwé ẹ̀, Nọ́ọ̀sì. Bí ẹ bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ó ti tán." Wọ́n mú un padà wọlé. Èmi ni mo fún un ní oògùn ọjọ́ náà, èmi ni mo bu omi fún un, mo dúró tì í títí ó fi gbé e mì. Ó ní, "Àńtí, ó rẹ̀ mí." Mo ní kó fara dà á. Ọ̀sẹ̀ yẹn kò parí tó fi kú. Orí ẹní yẹn náà ló kú sí.

Bàbá Ìyìn, ẹ rántí ohun tó tẹ̀lé e. Àwọn ẹbí yín ní, "Adésọjí, wòlíì ló so ìyàwó rẹ mọ́lẹ̀ tí kò jẹ́ kó dé ọsibítù." Ẹ lọ sí Àpòmù, ẹ fọ́ bẹ́ǹṣì, ẹ ya sùtánà mọ́ bàbá àgbàlagbà yìí lára. Mo wà níbẹ̀. Ẹ yíjú sí mi láàárín èrò, ẹ ní, "Nọ́ọ̀sì, ṣé ẹ ò kìlọ̀ fún wọn ni?" Mo ní, "Mo sọ tèmi." Ohun tí mo sọ nìyẹn. Bàbá Wòlíì wò mí, wọ́n di ẹrù wọn, wọ́n kó lọ sí Ìkòyí. Lẹ́yìn náà Dókítà ṣe ìpàdé kan ní Ìbàdàn, wọ́n gbé àwòrán ọmọ ogun ara àwọn aláìsàn sára ògiri. Wọ́n tọ́ka sí ọ̀kan, wọ́n ní ẹ wo bí ara obìnrin yìí ṣe jagun tó, ó ṣeni láàánú pé ibà lásán ló pa á. Ara tèmi ni wọ́n ń fi hàn. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́, èmi náà pàtẹ́wọ́.

Ìyìn, lọ́jọ́ Túsìdeè tí o wá sí ilé ìwòsàn, mo dúró lẹ́yìn rẹ. Dókítà kékeré yẹn bi ọ́ bóyá oògùn yìí ti da ẹnikẹ́ni láàmú rí nínú ẹbí yín. O ní, "Rárá o. Màmá mi lò ó, ẹ̀dọ̀ wọn dára títí dọ́jọ́ ikú. Ṣọ́ọ̀ṣì ló pa wọ́n." Ó mi orí, kò bèèrè nǹkan mìíràn. Irọ́ tí mo pa fún yín nígbà tí ó kú lo fi dá a lóhùn, o ò mọ̀. Nígbà tí o jáde, o bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ létí gọ́tà, o bì. O ní torí pé o lo oògùn láìjẹun ni. Ìyá rẹ náà sọ bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà gbọ́ mi. Má gbé oògùn kankan mì mọ́ títí wọ́n á fi yẹ ẹ̀dọ̀ rẹ wò. N ò ní kó o sá fún ìwòsàn, ikọ́ ife á pa ọ́ bí o bá sá. Oògùn mìíràn wà, àwọn ló máa mọ èyí tó bá ọ lára mu. Mo ti pe Dókítà Olúrótìmí láàárọ̀ yìí, mo ti sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Wọ́n ní kí a gbé ọ wá lónìí yìí. Nọ́ọ̀sì Ànú wà nínú mọ́tò níta, ọmọdé ni, kò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Mo ti sọ fún un pé bó bá ṣe àṣìṣe, kó pariwo ẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kódà bí wọ́n bá máa lé e, torí èyí tí a bá fi ọwọ́ bò, ẹlòmíràn ló máa san án. Òun ló máa fa ẹ̀jẹ̀ rẹ. Èmi ò ní fọwọ́ kàn ọ́. Dúró tì í, kí o máa wo ìgò náà títí á fi wọ láàbù. Má fọkàn tán ẹnikẹ́ni torí pé ó wọ aṣọ funfun.

Bàbá Wòlíì, mo bà yín lórúkọ jẹ́. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, n ó bá yín lọ sí Àpòmù, n ó sọ ohun tí mo sọ níbí yìí níbi tí wọ́n ti ya sùtánà mọ́ yín lára. Bàbá Ìyìn, mo rí i bí ẹ ṣe ń wò mí. Ẹ lè pe ọlọ́pàá, n ò ní kúrò lórí àga yìí. Mo bẹ̀ yín fún ìdáríjì, ṣùgbọ́n ẹ má tíì dá mi lóhùn. Ẹ dúró kí èsì ẹ̀jẹ̀ ọmọ yín kọ́kọ́ dé ná.