Nọ́ọ̀tì Tí Ẹ̀gbọ́n Sùnmọ́nù Dè

Màmá Margaret, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pa kásẹ́ẹ̀tì yìí. Èmi Adéríbigbé ni mò ń sọ̀rọ̀, Ríbi tó máa ń ta gìtá béèsì pẹ̀lú Múyìwá ọmọ yín. Òótọ́ gbọ́dọ̀ jáde lẹ́nu mi kí ọjọ́ Sátidé tó dé, nítorí Sátidé yẹn ló pé ọdún mọ́kànlá tí Múyìwá kú, ẹ sì mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n Sùnmọ́nù á wá láti Muṣin, á bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú yín, á ní kí ẹ tún dárí ji òun. Ọdọọdún ló ń ṣe é. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló ti ṣe é lójú mi, tí mo jókòó sórí àga yín, tí mò ń mu ẹlẹ́rìndòdò tí ẹ gbé fún mi. Lọ́dún yìí, ẹ má jẹ́ kó dọ̀bálẹ̀. Kò ṣe yín ní nǹkan kan. Èmi ni mo ṣe é.

Dókítà ti sọ fún mi pé ẹ̀dọ̀ mi ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Mi ò retí pé n ó rí Kérésìmesì. Ẹ má tíì ṣàánú mi nítorí ìyẹn o. Ẹ fi àánú yín pamọ́ títí mo fi máa sọ̀rọ̀ tán, kí ẹ wá wò ó bóyá ó ṣì kù. Tiwalọlá ìyàwó mi tó gbé kásẹ́ẹ̀tì yìí wá fún yín, kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo rán an níṣẹ́ lọ sí Yábàá kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ó yẹ kí n wá bá yín fúnra mi, kí n sọ ọ́ lójú yín. Ojo ni mí, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹ̀rọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ibi tó dùn, torí ó dùn nígbà kan. Béèsì àkọ́kọ́ tí mo ní láyé mi, káfíńtà kan ní Ìdí-Oró ló bá mi gé e lára pákó ibùsùn. Okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà lórí rẹ̀, wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ ni. Ohun tó ń gbé ohùn rẹ̀ jáde, inú tẹlifóònù tó ti kú ni mo ti yọ ọ́. Lọ́jọ́ tí mo gbé e wá sílé yín ní Sùúrùlérè, Múyìwá rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní, “Ríbi, ṣé pákó tí wọ́n fi ń fọṣọ lo gbé kọ́rùn yìí?” Òun náà ló sì ní kí n tún un ta, tó gbé gìtá tirẹ̀, tó jókòó tì mí. Nígbà tó yá, àbúrò bàbá mi tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi gbé béèsì gidi bọ̀ fún mi, èyí tí àwọn ará Japan ṣe, pupa fòò. Tí okùn rẹ̀ bá ti gbó, tí kò dún geere mọ́, inú ìkòkò ọbẹ̀ ìyá mi ni mo ti ń sè é, torí omi híhó máa ń fọ ọ̀rá ọwọ́ kúrò lára rẹ̀, á sì tún máa dún bíi tuntun. Ìyá mi á ní, “Adéríbigbé, ṣé irin la fẹ́ fi jẹ ẹ̀bà lónìí?”

Àwo orin ńkọ́? Àlòkù tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ ní Tejúoṣó la máa ń lọ ṣà, èmi àti Múyìwá. Orin rọ́ọ̀kì ni tiwa. Fújì ni gbogbo àdúgbò ń gbọ́. Àwa méjì á jókòó nínú pálọ̀ yín, a ó gbé kọ́bọ̀ lé orí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ àwo kó má baà fò, a ó máa gbọ́ àwọn ọmọ Íbò onírun kíkún tí wọ́n ń ta gìtá lẹ́yìn ogun. Ẹ̀yin á pariwo láti ilé ìdáná pé kí a dín in kù, pé orí ń fọ́ yín. Àmọ́ èyí tó gba ọkàn mi jù, àwo òyìnbó kan ni. Ẹṣin dúdú kan ló wà lára páálí rẹ̀, ó dúró sínú odò. Béèsì ló bẹ̀rẹ̀ orin àkọ́kọ́ ibẹ̀, béèsì nìkan, fún bí ìṣẹ́jú kan kí ẹnikẹ́ni tó dá sí i. Kò sí ariwo kankan lábẹ́ rẹ̀, ó mọ́ bí omi kànga. Mo gbọ́ àwo yẹn títí ojú rẹ̀ fi họ. Ohun tí mo fẹ́ láyé nígbà náà kò ju pé kí béèsì tèmi mọ́ bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ sì máa rántí ọ̀rọ̀ yìí, torí ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti wá.

Áńpù tiwa, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá sókè, ò lè mọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Sùnmọ́nù, tó ń tún rédíò ṣe ní Muṣin nígbà náà, ló fi ara rédíógíráàmù kan tó ti kú kọ́ ọ fún wa. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àmọ́ ó máa ń kùn ṣáá bí oyin. Gìtá Múyìwá àti béèsì mi, inú rẹ̀ ni àwọn méjèèjì ń wọ̀. Máìkì wà lára áńpù mìíràn tí a yá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀gbọ́n ti rí i pé iná máa ń jò sára irin áńpù tí òun kọ́ yìí. Ó wá ri ọ̀pá irin kan mọ́lẹ̀ lẹ́yìn fèrèsé ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ yín àtijọ́ tí ẹ fún wa lò, ó fa wáyà láti ẹ̀yìn áńpù lọ síbẹ̀, ó sì fi nọ́ọ̀tì dè é pinpin. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa da omi iyọ̀ sí ìdí ọ̀pá náà nígbàkúùgbà tí a bá fẹ́ ṣeré, kí ilẹ̀ ibẹ̀ má baà gbẹ. Lọ́jọ́ tó ṣe é tán, ó pè wá jọ, ó ní, “Wáyà yìí ló ń gbé iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀. Òun náà ló ń dá kún kíkùn yẹn, mo mọ̀. Ẹ jẹ́ kó máa kùn. Kíkùn ò pa èèyàn. Ọjọ́ tí ẹ bá rí i tó dákẹ́ lójijì, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, ẹ wá pè mí.” Mo wà níbẹ̀. Èmi ni mo dá a lóhùn pé a ti gbọ́.

Lóṣù Kẹsàn-án ọdún 1987, ọkùnrin kan wá gbọ́ wa láti ilé iṣẹ́ tó ń gbé àwo jáde. Ó fẹ́ràn ohùn Múyìwá. Ó yíjú sí mi, ó ní kí ló ń kùn bí oyin níbi tí mo wà yẹn. Ó sọ ọ́ lójú mi pé ayé ti kúrò lórí béèsì, pé kíbọ́ọ̀dù ni gbogbo èèyàn ń lò báyìí, ọwọ́ òsì ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ ti tó o. Ó ní òun ń padà bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, kí a rò ó wò. Múyìwá ò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. Ó ní, “Ẹ má bínú, sà, Ríbi ò lọ síbì kankan. Tí ẹ bá fẹ́ mi, àwa méjèèjì lẹ fẹ́.” Ọmọ yín ló sọ bẹ́ẹ̀ nítorí mi, Màmá. Dípò kí ọkàn mi balẹ̀, ìtìjú ló bá mi. Mo pinnu pé ọkùnrin yẹn ò ní gbọ́ kíkùn lẹ́ẹ̀kejì.

Ọjọ́ Sátidé tí à ń sọ yìí, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ló dá fún wa. Aago kan ọ̀sán ni mo ti dé. Ẹ wà lọ́jà, Múyìwá sì lọ gé irun. Mo mú sípánà, mo lọ sẹ́yìn áńpù. Nọ́ọ̀tì yẹn ò tú. Mo yí i, kò mira. Mo gbé gbogbo ara lé e, sípánà yọ̀, ẹnu irin áńpù sì ya àtẹ́lẹwọ́ òsì mi láti ìdí àtàǹpàkò dé àárín. Mo fi àkísà di ọwọ́, mo tún padà síbẹ̀. Nígbà tó tú, mo ki wáyà náà sábẹ́ ẹní, mo tan áńpù. Ó dákẹ́ lọ́lọ́. Mo ta béèsì, ohùn inú àwo ẹlẹ́ṣin yẹn ló jáde, omi sì bọ́ lójú mi. Bẹ́ẹ̀ ni nǹkan ń jẹ mí níka wínníwínní lórí okùn, bí ẹni pé èèrà ń rìn níbẹ̀. Mo mọ ohun tó jẹ́. Ẹ má jẹ́ kí n parọ́ fún yín lónìí tí mo fẹ́ kú: mo mọ̀. Bàtà onírọ́bà tó nípọn ló wà lẹ́sẹ̀ mi, mo sọ fún ara mi pé wákàtí kan péré ni, pé tí ọkùnrin náà bá ti lọ, n ó dè é padà.

Nígbà tí Múyìwá dé, ó fetí sí áńpù, ó ní, “Ríbi, kí lo ṣe fún un?” Mo ní, “Mo bẹ̀ ẹ́ ni.” Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ká ní mo sọ òótọ́ nígbà yẹn ni, ì bá bú mi dáadáa, à bá jọ dè é padà, òun náà ì bá ti ní ìyàwó báyìí. Ọkùnrin náà dé, ó jókòó. Sylvester tó ń lùlù fún wa ka ení, èjì, mo bẹ̀rẹ̀ èmi nìkan, bíi ti inú àwo yẹn. Ọkùnrin náà gbé ojú sókè, ó ń mi orí sí mi. Kò sí ìṣẹ́jú kan tí mo gbádùn tó o láyé mi, ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn. Múyìwá wọlé pẹ̀lú gìtá rẹ̀, ó sún mọ́ máìkì láti kọrin, ẹnu rẹ̀ kan irin ibẹ̀. Kò kígbe. Ó kàn le gbagidi. Ọwọ́ rẹ̀ há mọ́ okùn gìtá, ẹnu rẹ̀ lẹ̀ mọ́ máìkì, ojú rẹ̀ sì wà lára mi. Iná ń gba okùn gìtá wọ ara rẹ̀ jáde sínú máìkì, èmi nìkan ni mo mọ̀. Púlọ́ọ̀gì wà nítòsí mi, ìṣísẹ̀ kan péré ni. Mi ò lọ. Mo dúró, béèsì wà lọ́rùn mi, mò ń rò ó pé tí mo bá tètè fà á yọ, wọ́n á mọ̀ pé mo mọ nǹkan nípa rẹ̀. Sylvester ló fò kọjá ìlù, tó fi ẹsẹ̀ gbá a yọ.

Ẹ lè rò pé èyí ló burú jù. Ó ku èyí tó burú jù ú lọ. Wọ́n gbé Múyìwá síta fún afẹ́fẹ́, ọkùnrin náà sáré lọ gbé ọkọ̀ rẹ̀, Sylvester ń ké pè mí pé kí n wá bá àwọn gbá ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Mo ní mò ń bọ̀. Mo padà sínú yàrá, mo fa wáyà yọ lábẹ́ ẹní, mo fi í sípò rẹ̀, mo sì yí nọ́ọ̀tì náà lẹ́ẹ̀kan péré. Mo mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó dẹ̀, kó lè dà bí ẹni pé ẹni tó dè é ni kò dè é dáadáa. Ọ̀rẹ́ mi ń kú lọ níta, èmi wà nínú ilé, mò ń wá ẹni tí n ó di ẹ̀bi náà rù. Nígbà tí mo jáde, wọ́n ti gbé e lọ. Kò dé ilé ìwòsàn láàyè.

Nígbà tí wọ́n pe Ẹ̀gbọ́n Sùnmọ́nù dé, ó kúnlẹ̀ sẹ́yìn áńpù, ó fi ìka méjì kan nọ́ọ̀tì, ó ń yí lọ yí bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo wa dúró lé e lórí. Ó wò ó pẹ́, ó ní, “Èmi ni. Mi ò dè é dáadáa. Èmi ni mo pa ọmọ yìí.” Kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ọlọ́pàá tì í mọ́lé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àwọn ọmọ àdúgbò fọ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Nígbà tó jáde, ó gbé àpótí iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́, ó ń ta èédú. Ẹ̀yin náà, Màmá, ẹ rí ọwọ́ mi tó ń ṣẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ bi mí, mo ní níbi tí mo ti ń fa Múyìwá kúrò lára iná ni. Sylvester ṣì wà nílé ìwòsàn, kò sẹ́ni tó lè já irọ́ mi. Ẹ bu omi gbígbóná, ẹ da iyọ̀ sí i, ẹ fi wẹ ọgbẹ́ náà fún mi. Ẹ ń sunkún, ẹ sì ń gbàdúrà pé Ọlọ́run á san oore náà fún mi. Lẹ́yìn ìsìnkú, ẹ kó gbogbo àwo rẹ̀ fún mi pé èmi lọ́rẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, ti ẹlẹ́ṣin ló wà lókè, mi ò gbọ́ ọ rí láti ọjọ́ náà. Tiwalọlá á kó wọn wá fún yín.

Ohun tó wá la ẹnu mi nìyí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ẹ̀gbọ́n Sùnmọ́nù gbọ́ pé ara mi ò yá, ó wá kí mi. Ó bá mi níbi tí mo ti ń gbá rédíò kásẹ́ẹ̀tì mi tí kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ó gbé e lọ. Ní ọjọ́ kẹta, ó gbé e padà wá, ó ti ń ṣiṣẹ́. Ó ní, “Láti ọjọ́ Múyìwá, mi ò tíì tú nǹkan kan wò. Bátìrì ni èyí ń lò, kò lè pa èèyàn, ni mo ṣe gbà á.” Ó wá di ọwọ́ mi mú, ọwọ́ òsì yìí, ó ní, “Ríbi, o ṣeun. Gbogbo èèyàn ló bú mi lọ́jọ́ yẹn. Ìwọ nìkan ni o ò sọ nǹkan kan.” Orí àpá yẹn gan-an ni àtàǹpàkò rẹ̀ wà. Ẹ̀rọ tó tún ṣe náà ni mo fi ń gba ohùn mi sílẹ̀ yìí.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ bá ń ta gìtá níbikíbi, ẹ jẹ́ kó máa kùn. Mi ò ní ìmọ̀ràn mìíràn. Màmá, ẹnu mi ò gbà á láti ní kí ẹ dárí jì mí. Tó bá wá láti ọkàn yín, ẹ bá mi fi ránṣẹ́ kíákíá. Tí kò bá wá, mi ò ní bá yín jà. Àmọ́ ní Sátidé, tí ẹ bá ti rí i tó ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ dì í mú, ẹ gbé àga fún un, ẹ tan kásẹ́ẹ̀tì yìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Sùnmọ́nù, ẹ jókòó, sà. Nọ́ọ̀tì yẹn le. Ó le débi pé ó ya mí lọ́wọ́, àpá rẹ̀ lẹ dì mú lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ lọ gbé àpótí iṣẹ́ yín jáde. Ẹ ti dè é dáadáa. Èmi ni mo tú u.